Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí á yọ "kòkòrò àrùn" kúrò nínú àkójọ ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ ní àná, èyí tó dá lórí fífi àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí fọ omi ìdọ̀tí, tí a sì ń ti inú ìdọ̀tí náà rí ohun ìdáná. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀, "kòkòrò àrùn afọmimọ́", mi ò lè gbà á. Mo ti rí ohun tí orúkọ yẹn ń fà.

Àbúrò ìyàwó mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ọ̀nà Mọ́níyà, níbí ní Ìbàdàn. A ri táǹkì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀, a dí i pa kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́, a sì ń da ìgbẹ́ àti omi sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àpò rọ́bà orí rẹ̀ tó wú. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí ẹnu sítóòfù, ọwọ́ iná búlúù kékeré kan dìde, ìyàwó rẹ̀ sì gbé omi kaná níwájú wa. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ bi mí pé kí ló wà nínú táǹkì náà gan-an. Mo ní, "Kòkòrò ni." Mo padà sí ìgboro. Ọmọ yìí lọ ra oògùn apakòkòrò, ó pò ó mọ́ omi tó fi ń fọ ilẹ̀, omi náà sì ṣàn lọ sínú táǹkì. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àpò rọ́bà ti rọ̀ jọwọrọ, òórùn táǹkì sì ti yí padà, ó ń ta ni nímú bí omidùn tó ti pẹ́ jù. Nígbà tí a bi í, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kòkòrò ló wà níbẹ̀." Mi ò rí èsì fọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ní kó ṣe ló ṣe. Kòkòrò jẹ àgbàdo, kòkòrò jẹ eyín, kòkòrò wọ inú ọmọ: kò sí èyí tí a gbọ́ nínú wọn tí a kì í wá oògùn sí. Tí a bá tún wá fi "àrùn" kún un ńkọ́?

Ẹnìkan fèsì pé kí á kúkú pe gbogbo wọn ní bakitéríà. Ìyẹn náà kò péye. Àwọn tó ń ṣe gáàsì inú irú táǹkì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe bakitéríà rárá. Láti 1977 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Carl Woese àti George Fox ti fi hàn pé ìran tiwọn yàtọ̀, archaea la ń pè wọ́n báyìí. Ìwúkàrà tí a fi ń mú búrẹ́dì wú náà kì í ṣe bakitéríà. "Ẹ̀dá àìrí" tí ẹlòmíràn dá lábàá, iwin àti ànjọ̀nú ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹni tó bá gbọ́ ọ.

Ẹ wo ìwúkàrà yẹn dáadáa. Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá kò pè é ní kòkòrò. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹ́kọ ṣe ń sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò: "kò tíì kan", "ó ti kan", "ó kan jù". Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló ń lò, ó sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó da omidùn nù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì kò jìnnà sí i. Àwọn kan á kọ́kọ́ fọ́ ìgbẹ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn kan á mú un kan, àwọn tó kẹ́yìn á wá sọ kíkan yẹn di gáàsì methane. Àwọn tó kẹ́yìn yìí ló gbẹgẹ́ jù: afẹ́fẹ́ ń pa wọ́n, oògùn ń pa wọ́n. Bí wọ́n bá kú, àwọn tó ń mú ìgbẹ́ kan á máa bá iṣẹ́ lọ, táǹkì á kan kọjá ààlà. Òórùn tí a gbọ́ ní Mọ́níyà nìyẹn.

Ohun tí mo dá lábàá nìyí: kí á pe àwọn tó ń mú ìgbẹ́ kan ní amúkan, kí á pe àwọn tó kẹ́yìn ní aṣegáàsì, kí "afọmimọ́" tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá dúró fúnra rẹ̀, torí ó dára. Orúkọ àpapọ̀ wọn, "abẹ̀mí àìfojúrí". Kí "kòkòrò àrùn" wà fún èyí tó ń ṣe ni ní àìsàn. Mi ò fara mọ́ "asọ̀gbẹ́diná" gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún àwọn aṣegáàsì. Ní Ìbàdàn, bí o bá ní "iná ti dé", kò sẹ́ni tó máa ronú kan ìdáná. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn abẹ̀mí kan wà tó ń mú iná mànàmáná jáde ní tààrà; onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, M. C. Potter, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1911. Tiwọn ni kí á fi orúkọ yẹn pamọ́ fún.

"Agbára ìsọdọ̀tun" (renewable energy) kò dùn létí mi. "Agbára àìtán" tó.

Ó ku "ẹrẹ̀ tí a mú ṣiṣẹ́" (activated sludge). Ní 1914, àwọn onímọ̀ méjì, Ardern àti Lockett, ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi ìdọ̀tí, wọ́n jẹ́ kó tòrò, wọn kò sì da ohun tó sìlẹ̀ nù. Omi ìdọ̀tí tuntun ni wọ́n dà lé e lórí. Bí wọ́n ti ń ṣe é léraléra, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí. Ẹlẹ́mu tó bu ẹmu tuntun lé ìdí ẹmu àná mọ bó ṣe máa ń yá tó. Ẹrẹ̀ kọ́ nìyẹn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ alààyè" ni èmi máa pè é.

Táǹkì Mọ́níyà ti padà ń ṣiṣẹ́. A kó omi ibẹ̀ kúrò, a sì gba ohun tó wà nínú ṣàkì màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, nítorí inú ṣàkì ni ilé àwọn aṣegáàsì. Ọmọkùnrin yẹn gan-an ló ń bọ́ wọn báyìí. "Bọ́" ni òun fúnra rẹ̀ ń wí.

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, kí lẹ ń pe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Mo fẹ́ mọ̀ kí a tó kọ ọ́ sínú àkójọ.