Mílíìkì ni, kì í ṣe gààrí: ohun tí ojú wa rí nílé wa

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú déédéé ìwòyí. Ọ̀rọ̀ inú kíkùn tí ẹnìkan dá sílẹ̀ níbí lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo yín ló ń sọ pé gààrí ló ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ń gbé títí wọ́n fi ṣubú lẹ́yìnkùlé, tí ọrùn ọwọ́ òsì wọn kán. Dókítà tó tọ́jú wọn ní kí á máa fún wọn ní oúnjẹ tó ní kálísíọ́ọ̀mù nítorí eegun àgbà. Kálísíọ́ọ̀mù ni dókítà wí, mílíìkì ni àwa gbọ́. Mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi, mo sì ra mílíìkì alágolo odindi páálí kan.

Láàárọ̀, mílíìkì nínú ògì. Lọ́sàn-án, mílíìkì nínú gààrí Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà. Lálẹ́, ife kan kí wọ́n tó sùn. Èmi fúnra mi ni mo máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ lu ihò méjì sórí agolo, tí n ó dà á títí á fi kán tó, tó, tó, tí n ó sì dúró tì wọ́n títí ife á fi gbẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ́ díẹ̀ kù, n ó ní, "Màmá, ti eegun yín ni o." Wọ́n á gbé e mì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀ràn fi bẹ̀rẹ̀. Inú wọn á le bí awọ ìlù, á máa kùn, lẹ́yìn náà wọ́n á ya ìgbẹ́ gbuuru. Òru ló burú jù. N ó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wá ògiri lọ sí ilé ìyàgbẹ́, n ó gbọ́ ìró omi, wọ́n á padà, kò ní í pẹ́ wọ́n á tún dìde. Wọn kì í pè mí. Ojú ń tì wọ́n.

Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo ilé fẹnu kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣúgà ló fà á, ṣebí ohun dídùn ló ń bí jẹ̀díjẹ̀dí. Àbúrò mi ní gààrí ọ̀hún ló kan jù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gba gààrí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi gààrí tọ́ dàgbà, tí òun náà yan gààrí títí ó fi rán àwa márààrún nílé ìwé. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n kàn wí pé, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́, ṣé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ inú mi ni?" A ò dá wọn lóhùn. A ń ra àgbo jẹ̀dí lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri rẹ̀ ládùúgbò. Àgbo náà tún ń yà wọ́n nígbẹ́. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n tán, mílíìkì la tún ń fún wọn kí okun wọn lè padà.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ló dùn mí jù. Wọ́n ti dá aṣọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ tán, bùbá náà ń fẹ̀ yàgàyàgà lára wọn, gèlè wà lórí, wọ́n wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ máa lọ. Bí inú bá ṣe mí láàárín èrò ńkọ́?" Inú yàrá yẹn la ti ń gbọ́ ìró ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo jókòó tì wọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ àti ìlera ní yunifásítì. Ìgbà tó wálé fún ìsinmi ló bi mí pé, "Màámi, ìgbà wo ni mílíìkì dé ilé yìí? Ìgbà wo ni inú Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀?" Mo ní gààrí ni. Ó ní, "Ẹ ti gba gààrí lọ́wọ́ wọn láti bí oṣù méjì. Ṣé inú ọ̀hún dáwọ́ dúró?"

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí wọ́n ń pè ní lactose. Ìfun kékeré ní èròjà kan, lactase, tó ń gé ṣúgà yìí sí méjì kí ara tó lè gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ tuntun ni wọ́n ń bí i mọ́, òun ni wọ́n fi ń mu ọmú. Lẹ́yìn tí a bá ti gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ní ara àwọn tó pọ̀ jù lọ láyé, èròjà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá wá mu mílíìkì púpọ̀, ṣúgà náà á lọ gbọọrọ dé ìfun ńlá láìfọ́. Á fa omi mọ́ra, ìyẹn ni ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun ńlá á sì jẹ ẹ́, wọ́n á tú afẹ́fẹ́ jáde, ìyẹn ni inú wíwú àti ìkùn. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe májèlé. Bí ara ṣe rí ni.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́. Lára Yorùbá gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ní ọdún 1927, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School, wà nínú àwọn tó ṣe é pẹ̀lú Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ṣúgà mílíìkì mu, wọ́n sì wò ó bóyá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè. Ọdún 1971 ni ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde rẹ̀ jáde: àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí ara wọn gbà á kò tó nǹkan rárá, nígbà tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran ló ń gbà á. Ìran tó ti ń mu mílíìkì màlúù láti ayébáyé ni ìyẹn. Láti 1971! Mo ka nǹkan yìí, mo sunkún. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú wa ti rí i kí n tó bímọ, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo ibi tí mo gbé ìyá mi dé tó bi mí pé, "Mílíìkì ńkọ́?"

A dáwọ́ mílíìkì dúró. A dá gààrí padà, pẹ̀lú ṣúgà rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀pà rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ ti dì. Ọjọ́ keje, wọ́n sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí á fún àwọn ní ife mílíìkì kan kí ó lè dá wa lójú. Kò tó wákàtí méjì tí inú ọ̀hún tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, èmi tí mo jókòó lórí àga kejì gbọ́ ọ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?"

Ọmọ mi kò ní kí wọ́n má fẹnu kan mílíìkì mọ́ láéláé. Ó ní díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ kì í sábà da ẹni láàmú, pé alágolo ni kò dára jù nítorí ó ki, ṣúgà ọ̀hún sì pọ̀ nínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti mílíìkì tútù. Wàrà dídì àwọn Fúlàní kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, torí pé púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ. Eegun ńkọ́? Ẹja yọ̀yọ̀ tí wọ́n ń jẹ teegun teegun, ewédú, ẹ̀fọ́. Ohun tí wọ́n ti ń jẹ kí n tó kó wọn wá ni.


Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣàgámù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mílíìkì ni gbogbo inú.

Obì ni mò ń tà. Ẹ̀yìn máa ń dùn mí nítorí àpò tí à ń gbé, n ó sì lo ibuprofen, oògùn ara ríro, ní àárọ̀ kí n tó jẹun. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Inú òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, á jí mi lóru. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n máa mu mílíìkì tútù kí ó pa á. Ó máa ń tù mí fún ìgbà díẹ̀, á tún padà wá. Mo fi mílíìkì sílẹ̀, mo fi ata sílẹ̀, mo fi gààrí sílẹ̀. Pàbó.

Ọjọ́ tí mo yàgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà títì ni ìyàwó mi gbé mi jáde nílé tipátipá. Ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun mi, wọ́n rí egbò nínú agbẹ̀du, wọ́n sì rí kòkòrò Helicobacter pylori. Dókítà sọ fún mi pé ìgbà kan wà tí gbogbo ayé gbà pé ìrònú àti ata ló ń fa ọgbẹ́ inú, títí dókítà kan ní Ọsirélíà, Barry Marshall, fi gbé omi tó kún fún kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ ní ọdún 1984 tí inú agbẹ̀du rẹ̀ sì wú. Òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Robin Warren, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn apakòkòrò méjì àti èyí tó ń dín omi kíkan inú kù, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, mo lò ó pé. Mo sì fi ibuprofen sílẹ̀ pátápátá, torí òun náà máa ń dá egbò sí inú.

Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tàbí tó ń rù, kó má fi àgbo jẹ̀dí dánrawò. Mo bẹ̀ yín.


Nọ́ọ̀sì, Ìpẹru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun tó bá ń ka èyí: kò kan ọmú. Ṣúgà yẹn pọ̀ nínú omi ọyàn ju ti màlúù lọ, ara ọmọ ọwọ́ sì ń gbà á dáadáa. Mo ti gba ọmọ oṣù méje kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ rí. Wọ́n ti sọ fún un pé omi ọyàn ló ń ya ọmọ nígbẹ́, ó sì ti já a lẹ́nu ọmú, omi ògì ló ń fún un. Àwùjẹ̀ ọmọ ti jìn, ahọ́n rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé. A fún un ní omi ORS, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí, a dá a padà sẹ́nu ọmú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tọ̀.

Bí ORS kò bá sí nítòsí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí a gé lórí, ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Kí ó má pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ransome-Kuti tí ẹ dárúkọ yẹn, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, omi iyọ̀ àti ṣúgà yìí wà lára ohun tó tẹnu mọ́ jù.


Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ Rẹ́mọ, Ọlọ́run ṣàánú yín.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Gààrí wọn wà níwájú wọn, ẹja dindin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ Ojúde Ọba tí wọn ò wọ̀ jáde nígbà yẹn, àná ni wọ́n ní kí n gbé e lọ fún télọ̀ kó tú u síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí pé ó ti ń fún wọn.