Kòkòrò onílà ń jẹ ewé pòtétò mi, ṣé kì í ṣe májèlé ni?

Màmá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará mi. Maryland ní Amẹ́ríkà ni mo wà, mo gbin pòtétò sẹ́yìnkùlé, kòkòrò yẹ́lò kan tó ní ìlà dúdú 10 lẹ́yìn ti fẹ́ẹ̀ jẹ ewé ẹ̀ tán, igi lásán ló kù. Mo ti fín oògùn lẹ́ẹ̀mejì, pàbó. Wọ́n ṣáà ní májèlé wà nínú ewé pòtétò, báwo ni tiẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́ tí ò kú?

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Colorado beetle nìyẹn. Májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́, solanine àti chaconine, ọ̀pọ̀ kòkòrò ló ń sá fún un, àmọ́ tiyín yìí, kó tó mọ pòtétò rárá ló ti ń jẹ igbó ẹlẹ́gùn-ún kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí pòtétò, torí náà májèlé yẹn ti mọ́ ọn lára tipẹ́. Oògùn náà ti mọ́ ọn lára, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n pòtétò ń jà o! Ní 1972, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Green àti Ryan, rí i pé tí kòkòrò yìí bá gé ewé kan jẹ, àwọn ewé tí kò tíì fẹnu kàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà níkùn kòkòrò. Ewé tó ń ránṣẹ́ sí ewé, ó wú mi lórí gan-an.

Ọmọ Olóko: Ẹ wá pòtétò tí wọ́n ń pè ní King Harry gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ mà. Pòtétò igbó kan wà ní Bolivia tí ewé ẹ̀ nírun wẹ́wẹ́, oje wà lórí irun yẹn, kòkòrò kékeré tó bá fẹsẹ̀ kàn án, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ tó bà lé àtè, oje á dúdú á le, ó parí. Wọ́n gbà á lò ní yunifásítì Cornell, King Harry sì jáde. Tèmi, wọ́n wá, wọn ò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀dọ́: Irun yẹn dáa ju májèlé lọ. Pòtétò Lenape tó jáde ní 1967, májèlé ẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń ṣe àwọn tó jẹ ẹ́, wọ́n kó o kúrò nílẹ̀ ní 1970.

Màmá Ìbejì: Háà! Ẹ ṣé gan-an. Ẹyin aláwọ̀ ọsàn tó to jọ lábẹ́ ewé, ṣé tiẹ̀ nìyẹn?

Ọmọ Olóko: Tiẹ̀ ni mà. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́ lónìí, kò ní pẹ́ pa.