504 bàbá mi ti lo ọdún mẹ́fà lórí búlọ́ọ̀kù. Ṣé kí n tà á fáwọn onírin ni?

Ọmọ Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń kà yín láìdá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, ẹ bá mi yọ ọ́.

Bàbá mi ra Peugeot 504 GL ní 1982, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná ni, aláwọ̀ ewé. Òun ló gbé ìyá mi lọ bí mi. Nígbà tí bàbá papò dà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi máa mú mọ́tò, inú mi sì dùn bíi pé wọ́n fi mí joyè.

Ó ṣì ń rìn nígbà yẹn. Àléébù ẹ̀ kan ni pé ó ń gbóná, ó sì ń mu omi. Mẹkáníìkì kan ní tópù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù, ló jó. Ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé e lọ fún àwọn tó máa ń fá ojú ẹ̀ kó lè tẹ́jú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, orí ẹ́ńjìnnì dé, mẹkáníìkì ò dé. Wọ́n ní ó ti gba Èkó lọ. Ibi tó yẹ kí n ti wá ẹlòmíì tó máa dè é padà ni mo ti gbọ́n ju ara mi lọ. Mo ní ṣebí ó ti wà ní títú náà, ká kúkú tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Páńẹ́ẹ̀bítà gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Rẹ́wáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Èmi fúnra mi tú àga.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ilẹ̀kùn méjì fara ti ògiri nínú pálọ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, àga ẹ̀yìn làwọn ọmọ fi ń wo tẹlifíṣàn. Bólùtì àti nọ́ọ̀tì kún agolo mílíìkì mẹ́rin, mi ò sì mọ ibi tí ẹyọ kan nínú wọn ti wá. Mo ti ná tó ₦800,000, mọ́tò ò tíì sún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ẹ má rò pé mo pa á tì o. Lóṣooṣù ni mò ń fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì yẹn láti iwájú, torí ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mi ò bá yí i, ó máa gan. Mo tún máa ń ta ọ́ìlì díẹ̀ sórí pisítìnnì.

Ìyàwó mi wá ní òun fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń ti ọmọlanke ra irin kọjá, wọ́n dá iye kan tí ojú ń tì mí láti kọ síbí. Corolla 2000 tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ owó tó yẹ kí n fi tọ́jú ẹ̀ ni mò ń kó lé 504 lórí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àlàbá, Sábó

Ìyàwó yín ni mo gbè sí lẹ́yìn, kí ẹ tètè mọ̀. Ọkọ tèmi ní V-boot kan tó ní òun máa parí kí Àlàbá tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Àlàbá ti wà ní yunifásítì báyìí. Adìẹ mi ló ń yé sínú búùtù ẹ̀, èyí tó pamọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ wá nǹkan nínú mọ́tò ara ẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mọ́tò nínú pálọ̀? Ẹ̀yin tiẹ̀ ti pọ̀ ju tèmi lọ.

Modákẹ́kẹ́ Boy

Ẹ tà á. Ẹ fowó ẹ̀ ṣe Corolla. Ó parí.

Bàbá Onípeugeot, Iléṣà

Ẹ má tíì tà á. Ẹ má sì yí i mọ́! Ọmọ mi, dá mi lóhùn ná: lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì yẹn tú orí ẹ́ńjìnnì, ṣé ó fi nǹkan kan di àwọn sílíìfù mọ́lẹ̀?

Ọmọ Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Sílíìfù wo, bàbá? Bó ṣe tú u náà ló fi í sílẹ̀. Tapolín ni mo fi bò ó.

Bàbá Onípeugeot, Iléṣà

Áà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà nígboro lónìí, ara búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n gbẹ́ ihò tí pisítìnnì ń gbà lọ gbà bọ̀ sí. 504 oníbẹntiróòlù ò rí bẹ́ẹ̀. Sílíìfù mẹ́rin ni, wọ́n dá dúró gédégédé, bí ẹni ki ife bọnú ìkòkò. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ló yí wọn ká tààrà. Ní ìdí sílíìfù kọ̀ọ̀kan, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń di omi lọ́nà kó má bàa já sínú ọ́ìlì nísàlẹ̀. Kí ló wá ń tẹ sílíìfù mọ́ òrùka yẹn? Orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè lé e náà ni. Tí ẹ bá ti gbé orí kúrò, kò sí ohun tó mú un mọ́. Tí ẹ bá wá fi sípánà yí i, pisítìnnì tó ń gòkè ń fa sílíìfù lọ́wọ́ dání. Ó lè má ju bí irun orí lọ, òrùka ìdí ti tú nìyẹn.

Ìdí nìyí tá a fi máa ń ki bólùtì àtijọ́ méjì-méjì sínú ihò bólùtì orí, ká fi wọ́ṣà ńlá tẹ etí sílíìfù mọ́lẹ̀, ká tó jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀gá mi kọ́kọ́ gbá mi létí lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Ọ̀rẹ́ yín ò purọ́ o, ẹ́ńjìnnì tó jókòó pẹ́ lè gan lóòótọ́. Ìmọ̀ràn ẹ́ńjìnnì míì ló fún yín.

Modákẹ́kẹ́ Boy

Ọmọ Ifẹ̀ ni yín, Òkè-Mògún ò kúkú jìnnà. Ẹ gbé ajá lọ bọ Ògún.

Bàbá Onípeugeot, Iléṣà

Ajá wà fún Ògún, kò burú. Ṣùgbọ́n Ògún kì í báni di sílíìfù.

Ọmọ Tíṣà, ẹ ṣe báyìí. Ẹ dí gbogbo ibi tí omi lè gbà jáde lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ da omi tó mọ́ sí àyíká àwọn sílíìfù títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó dé. Kó sùn síbẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, ẹ rọra tú u. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ dúró. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ló kọ́kọ́ jáde, ẹ wá fún mi ní kóólà. Tó bá jẹ́ omi ni, ẹ pè mí. Ifẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa níbí ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ.

Ẹni tó ní kí ẹ tà á kò jẹ̀bi, kò mọ̀ ọ́n ni. Ní 1968 ni àwọn Faransé gbé 504 jáde, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún un ní oyè mọ́tò ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 tí Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, 504 kan náà ló gba ipò kìíní níbi eré Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, lójú ọ̀nà ẹrọ̀fọ̀ àti eruku. Kí n má wulẹ̀ pẹ́ ẹ sọ, mo ti ń dàgbà.

Ìjàpá Lágẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá, mo ti dákọ èyí pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti wà níbi tí ẹ wà. Fọ́kswágìn ìjàpá ni tèmi, ọdún mẹ́ta ló fi wà ní títú. Ohun tó gbà mí ni pé mo jáwọ́ nínú ẹwà. Mo ti ń bá pẹ́ńtà yan ọ̀dà nígbà tí bíréèkì ò mú! Mo wá bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó máa jẹ́ kó gbéra: ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ jó, bíréèkì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iná. Lọ́jọ́ tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn láti ẹ̀yìn ilé dé ẹnu géètì, láìní àga, orí kéréètì ni mo jókòó sí, ìyá mi bú sẹ́kún. Àtọjọ́ náà lowó ò ti ni mí lára láti ná sí i.

Ti ìjàpá rọrùn ju tiyín lọ ṣá. Kò ní ráàdíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lára, ẹ̀yìn ló sì wà.

Ní ti agolo mílíìkì, ẹ dá wọn nù sórí aṣọ funfun lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́. Ẹ to èyí tó jọra sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á sọ ibi tí wọ́n ti wá fúnra wọn: èyí tí ọ̀dà ewé wà lórí ẹ̀, ti ilẹ̀kùn ni. Èyí tó ń rùn bí ọ́ìlì, ti ẹ́ńjìnnì. Látìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tí ẹ bá tú, inú ọ̀rá ni kó wọ̀, kí ẹ kọ ibi tó ti wá sórí bébà sínú ọ̀rá náà.

Rẹ́wáyà Òǹdó Road

Kí ẹ tó gbé bátìrì sí i, ẹ bá mi wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Eku ọdún mẹ́fà kì í ṣeré. Mo ti bá ìtẹ́ eku pàdé nínú dáṣíbọ́ọ̀dù rí, wáyà pupa nìkan ni wọ́n jẹ, bí ẹni tó ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Ẹ má sì bu bẹntiróòlù tuntun lé ti àtijọ́ nínú táńkì, ẹ dà á nù, ẹ fọ táńkì. Tí ẹ bá dé orí plọ́ọ̀gì, bí wọ́n ṣe ń ṣáná tẹ̀ léra, 1-3-4-2 ni 504 ń gbà. Mo mọ ẹni tó fi ti ìjàpá, 1-4-3-2, dè é, ó ń yìnbọn látinú sàlẹ́ńsà lójú pópó, gbogbo àdúgbò dọ̀bálẹ̀.

Aṣọ́nà OAU

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òkú, ẹ fi alààyè sílẹ̀. Corolla ọdún 2000 yẹn, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ ló máa wà nínú ẹ̀. Ti 1998 sí 2002 gbajúmọ̀ fún ọ́ìlì mímu. Ihò tí ọ́ìlì fi ń padà sísàlẹ̀ lára pisítìnnì kéré, ó máa ń dí, ríìngì tó yí pisítìnnì ká á wá lẹ̀. Kò ní kí mọ́tò má rìn o, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa á ni kéèyàn má yọ gééjì wò títí ọ́ìlì fi gbẹ. Ẹ máa yọ ọ́ wò ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè kí ẹ tó ṣáná sí i, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó wà. Kí ọ́ìlì lítà kan máa wà ní búùtù.

Ìgbà tí 504 máa fi jí, Corolla ló ṣì máa gbé yín lọ ra nǹkan ẹ̀.

Ọmọ Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo da omi sí i ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé. Láàárọ̀, ìyàwó mi ló bá mi tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Omi ló kọ́kọ́ jáde. Kò pọ̀, bí ìdajì ife tíì, ó mọ́ gaara. Mo kọ́kọ́ rò pé kò sí ọ́ìlì níbẹ̀ rárá, kí dúdú tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Nígbà tí mo dé òkè, mo fi àtàǹpàkò ti sílíìfù kọ̀ọ̀kan. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kẹta mì bí eyín ọmọ ọdún méje.

Mo jókòó sórí táyà kan, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀. Ìyàwó mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun fún mi títí àgbàdo tuntun yóò fi jáde. Tí kò bá jó nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù. Àga ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ kúrò ní pálọ̀ lónìí, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Mo ti gbé e kúrò.

Bàbá Onípeugeot, Iléṣà

Ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ikú. Sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jáde, a ó fọ ìdí wọn, a ó fi òrùka tuntun sí i, a ó sì pààrọ̀ ríìngì nígbà tá a ti débẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wọn bí etí sílíìfù ṣe yọ ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ. Ó gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀, ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, bó bá sì rì sísàlẹ̀, tópù gásíkẹ́ẹ̀tì míì náà á tún jó. Bóyá ohun tó ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ lọ sí Ìbàdàn, ẹ wá a ní Àràrọ̀mí, ní Géètì. Ẹ mú tópù gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání, ẹ gbé e lé tuntun lójú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ra omi ráàdíétọ̀ aláwọ̀ pẹ̀lú. Omi kànga tí bàbá yín ń bù sí i ló jẹ orí ẹ́ńjìnnì yẹn, torí alumíníọ̀mù ni. Àwọn èèyàn wa rò pé ibi tó tutù nìkan ni omi aláwọ̀ wúlò.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Owó ọkọ̀ àti iyán nìkan ni mo fẹ́.

Ọmọ Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

Bàbá, iyán wà, ìyàwó mi ti gbọ́. Mo pe ẹnì kan ní Géètì láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé ẹ́ńjìnnì 1.8 ni àbí 2.0. Ibo ni n ó ti mọ̀? Ìwé mọ́tò ti rẹ, mi ò rí i kà.

Bàbá Onípeugeot, Iléṣà

Ẹ gbé rúlà ọmọ ilé ìwé lé ẹnu sílíìfù, láti inú dé inú. Tó bá jẹ́ 84 mìlímítà, 1.8 ni. Tó bá jẹ́ 88, 2.0.

Ọmọ Tíṣà, Ilé-Ifẹ̀

88 ni. Mo ti yọ gééjì Corolla wò, mo ti bu ọ́ìlì sí i, mo ti wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn.