Ọ̀rọ̀ Faransé "pièce" yìí, kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń tajà ní Kútọ̀nù, kọ́ìnì ni mo mọ̀ sí pièce torí àwọn onízem, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, máa ń bèèrè ẹ̀ tí ò bá sí ṣénjì. Àfi bí ọlọ́pàá ṣe dá mi dúró lánàá tó ní "vos pièces, s'il vous plaît", mo bá na kọ́ìnì 200 CFA sí i, ló bá fajú ro, ó rò pé rìbá ni mo fẹ́ fún òun, àyà mi já gan-an. Nírọ̀lẹ́ tí mo tún lọ wo ilé, wọ́n ní "deux pièces", ìyẹn pièce méjì, ni. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń sọ?

Ará Kétu:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ọkọ̀ ẹ ló ń bèèrè. Faransé ni mo fi kàwé láti kékeré, èmi ò sì kà á sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin, "ẹyọ" tiwa ni mo fi ń gbọ́ ọ. Kọ́ìnì, ẹyọ owó ni, ṣebí owó ẹyọ náà làwọn baba ńlá wa fi nájà. Yàrá jẹ́ ẹyọ kan nínú ilé, ìwé kan jẹ́ ẹyọ kan nínú gbogbo ìwé ẹ. Tí ìyá tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá ní "300 francs la pièce", ẹyọ kan ló ń dá lé yẹn. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí wọ́n bá gé fún ẹ, morceau nìyẹn, ègé ni, kì í ṣe ẹyọ, ibẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣi àwa èèyàn lọ́nà.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ti ilé yẹn ni mo fẹ́ fi kún un: wọn kì í ka kíṣìnì àti balùwẹ̀ mọ́ pièce o, pálọ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn. Trois pièces, yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Èmi ti sanwó kí n tó mọ̀, làwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá há sí yàrá kan ṣoṣo fún odindi ọdún kan, ó dùn mí títí dòní.

Bàbá Mẹkáníìkì:
Ẹ máa wo ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e. Pièces détachées, páàtì ọkọ̀ nìyẹn. Pièce jointe, fáìlì tí wọ́n so mọ́ ímeèlì. Pièce de théâtre, eré orí ìtàgé.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, ẹyọ yẹn ló là mí lójú. Mò ń padà lọ wo ilé yẹn lọ́la, màá bèèrè balùwẹ̀ lọ́tọ̀ kí n tó kówó sílẹ̀.