Báwo ni a ṣe ń díwọ̀n ewu ìmìtìtì ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀ kì í sábà mì?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí kò jìnnà sí ẹsẹ̀ àpáta. Kúárì kan wà nítòsí, bí wọ́n bá sì ti yin ẹ̀tù níbẹ̀, àwo a máa jó lórí tábìlì. Àwọn àgbà ilé wa ní ilẹ̀ kò mì níhìn-ín rí láti ìgbà tí àwọn ti gbọ́njú, nítorí pé orí àpáta la tẹ̀dó sí. Ṣùgbọ́n orí àpáta ni Mpape náà wà ní Àbújá, ilẹ̀ sì mì níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, kí ni àwọn onímọ̀ ń wò kí wọ́n tó sọ bí ewu ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Tíṣà Jọ́gíráfì:
Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ nípa ohun tí ojú wọn rí, ṣùgbọ́n ìrántí ènìyàn kúrú jù fún irú ìṣirò yìí. Níbi tí ìmìtìtì ńlá méjì ti lè fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún jìnnà síra, ìran mẹ́ta lè wá kí wọ́n sì lọ láìrí ọ̀kan.

Ibi tí mímì ti lè ṣẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Àpáta abẹ́ Èkìtì ti gbó gan-an, ṣùgbọ́n àpáta tó gbó ní ojú ibi tí ó ti sán láyé àtijọ́, ibẹ̀ ló sì ti lè yẹ̀ nígbà tí agbára abẹ́ ilẹ̀ bá ń tì í. Ojú sísán tí a mọ̀ jù lágbègbè wa ni èyí tó gba Ìfẹ̀wàrà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, lọ sí ìhà Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń ṣa àkọsílẹ̀ jọ. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó sì mì ní Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 2000. Ti Accra, tó wáyé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, tí ìwọ̀n rẹ̀ (nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ bí ìmìtìtì ṣe tóbi tó) lé ní 6, pa ènìyàn lọ́hùn-ún, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára títí dé Èkó, nítorí pé àpáta líle bíi tiwa kì í tètè pa ìgbì mímì. Ẹ má ṣe wo Èkìtì nìkan, nígbà náà.

Bí ìwọ̀n bá fi ẹyọ kan ga sí i, agbára tó tú jáde a di nǹkan bí ìlọ́po 32, ṣùgbọ́n iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ a dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ ka àwọn kéékèèké tí a kò mọ̀ lára, kí wọ́n lè fi wọ́n ṣírò àwọn ńlá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Toro, ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ló ń bójú tó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, èmi kò sì ní gbára lé ẹni tó bá fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ lórí àkọsílẹ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìṣirò náà ń bí kì í ṣe "ewu wà" tàbí "kò sí". Wọ́n a máa sọ bí mímì ṣe le tó, èyí tí ó ṣeé ṣe ní ìdá 10 nínú 100 pé kí ilé kan bá pàdé láàárín 50 ọdún. Ìyẹn ni pé ó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí 475 ọdún.

Bírílà Adó:
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ilé ló ń pa ènìyàn. Ìmìtìtì Agadir ní Mòrókò, ní 1960, kò tó ìwọ̀n 6, síbẹ̀ àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, nítorí pé abẹ́ ìlú gan-an ló ti ṣẹ̀, àwọn ilé ibẹ̀ kò sì lágbára.

Ẹ lọ wo àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a ń kọ́ ní Adó: ṣọ́ọ̀bù nìsàlẹ̀, òpó tín-ínrín lásán, kò sí ògiri láàárín wọn, gbogbo ẹrù sì wà lókè. Bí ilẹ̀ bá mì, ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀. Ẹ wo irin inú òpó náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa tẹ ẹnu ríìngì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí àwọn irin òpó ká, ní igun lásán, tí yóò fi ṣí nígbà mímì. Ó yẹ kí a tẹ ẹnu rẹ̀ wọ inú kọnkéré, kí ríìngì sì súnmọ́ra dáadáa níbi tí òpó ti pàdé bíìmù. Owó tí èyí ń gbà kò tó nǹkan lára owó dẹ́kì.

Àgbà Kúárì:
Mo ti ṣiṣẹ́ ní kúárì rí. Ọ̀sán ni a máa ń yin ẹ̀tù, fèrè a sì kọ́kọ́ dún; mímì rẹ̀ kúrú, kì í rìn jìnnà. Ó lè la ìrẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ ìmìtìtì. Bí ilẹ̀ bá mì lóru, tí ẹ kò gbọ́ ìbúgbàù kankan, ẹ kọ wákàtí náà sílẹ̀. Èyí tí ìbá kó mi láyà jù ní Ìkẹ́rẹ́ ni òkúta ràbàtà tó dá dúró lórí àpáta, ní ọ̀kánkán ilé.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìdajì ilẹ̀ mi jẹ́ àpáta, ìdajì kejì jẹ́ akùrọ̀ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí. Ibo ni kí n gbé ilé sí?

Bírílà Adó:
Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí àpáta, bí òkúta tí Àgbà Kúárì wí kò bá kọjú sí i. Yẹ̀pẹ̀ rírọ̀ a máa mú kí mímì le sí i, ilé tó bá sì fi ẹsẹ̀ kan sórí líle, tó fi èkejì sórí rírọ̀, yóò là láàárín kódà bí ilẹ̀ kò bá mì. Ibi akùrọ̀ yẹn dára fún ọgbà ẹ̀fọ́.