Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mi ti yanjú

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Mo bi yín pé kí ni kí n rà kún Nikon D750 tí mo fi rọ́pò D3200, àti sọ́fúwíà wo ni kí n máa fi tún fọ́tò ṣe.

Bátìrì EN-EL14 àtijọ́ kò wọ inú eléyìí. EN-EL15 ló ń lò. Mo ra méjì, nítorí iná Ifẹ̀ yìí, ẹ ṣáà mọ̀. Lẹ́ńsì 18-55 mi wọ̀ ọ́ o, àmọ́ DX ni, èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré bíi D3200: D750 á gé etí fọ́tò dànù, mẹ́gápíséẹ̀lì 24 á di 10. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn ya ìyàwó? Mo bá ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé. Nínú gbọ̀ngàn kan ní Lágere tí iná ti ń ṣẹ́jú, mi ò tan fíláàṣì, síbẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó ṣeé kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Lightroom ń gba owó oṣooṣù, mi ò ṣe. Darktable ni mo mú: ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí NEF, ìyẹn fáìlì fọ́tò RAW ti Nikon, àmọ́ bọ́tìnnì rẹ̀ ti pọ̀ jù!

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má tíì ra báàgì olówó ńlá, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.