Afẹ́fẹ́ tó yí padà mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a fẹ́ balẹ̀

Ọdún kejì tí mo dé ìpínlẹ̀ Texas ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù, Cessna 172 oníjókòó mẹ́rin ni a sì fi ń kọ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, èmi àti olùkọ́ mi ń padà bọ̀ sí pápá kékeré kan, òun ló sì wà nídìí ọkọ̀ kí n lè máa wo bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ sí ojú ọ̀nà kúkúrú.

Oòrùn mú ganrínganrín lórí wa. Òjò wà lẹ́yìn wa ní apá àríwá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Àpò aṣọ tí wọ́n so mọ́ òpó lẹ́bàá ojú ọ̀nà fi hàn pé iwájú wa ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, bí awakọ̀ ṣe máa ń fẹ́ kó rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kanlẹ̀, òórùn kan gba ihò atẹ́gùn wọlé: òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, èyí tí ẹni tó dàgbà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣì mọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo rí eruku tó ń sáré bọ̀ lórí pápá, àpò aṣọ náà sì rọ jọwọlọ. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ẹgbẹ́ bàbá mi ni ọkùnrin náà, ọmọdé kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu nílé tí wọ́n ti tọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára afẹ́fẹ́ ló ń já bàálù lulẹ̀, ṣùgbọ́n ìyípadà rẹ̀ òjijì ló léwu jù. Bí nọ́ọ̀tì 65 (nọ́ọ̀tì ni àwọn awakọ̀ bàálù fi ń wọn eré) ni afẹ́fẹ́ fi ń gba ara ìyẹ́ bàálù kọjá, tí 15 nínú rẹ̀ jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tó ń kò wá lójú. Nígbà tí èyí lọ, tí afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 10 mìíràn ti ẹ̀yìn dé, nǹkan bí 40 ló kù, ibẹ̀ gan-an ni Cessna 172 kì í ti í lè gbé ara rẹ̀ dúró mọ́.

Fèrè ìkìlọ̀ ké. Olùkọ́ mi fún ẹ́ńjìnnì ní gbogbo agbára, ó ti pẹ́ jù. Táyà iwájú ṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ iwájú lu ilẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì ká síwájú bí ewé kókò tí oòrùn pa. A jáde láàyè, àmọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi nípa Delta 191, bàálù ńlá tí irú afẹ́fẹ́ tó ń tinú òjò já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbé ṣubú ní Dallas ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, tí ènìyàn 137 sì kú. Ní ilé ìwòsàn, ó bi mí bóyá mo rí eruku náà. Mo ní mo rí i. Kò bínú, ó kàn ní kí n má tún dákẹ́ mọ́ láé.

Nígbà tí a tún jọ fò lẹ́yìn oṣù méjì, mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu nítorí àwọn ẹyẹ tó ń kọjá níwájú wa. Ó dúpẹ́, ó sì yà fún wọn.